Orúnkún Tó Kọ̀ Tí Kò Ká

Ọjọ́ Ajé, 28 Méè 1956. Ọ̀wọ̀.

Wọ́n gé símẹ́ǹtì tí wọ́n fi di egungun mi kúrò lẹ́sẹ̀ mi lónìí. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo ti ń retí ọjọ́ yìí, láti ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ ti gbé mi ṣubú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ṣe mí bíi kí n ní kí wọ́n dá a padà. Itan mi ti rù kan eegun. Awọ ara rẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Sísítà Dókítà, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó ń ṣe dókítà ọsibítù, ní kí n ká ẹsẹ̀ náà kò. Mo rán an, kò jẹ́. Mo tún rán an. Àfi bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni mo ń bá wí.

Sísítà ní, "Egungun ti so. Ìdérí orúnkún tó sán ti jinná. Orúnkún gan-an ló ti gan." Ó ní bí kò bá ká tó igun àpótí kí Ọ́gọ́ọ̀sì tó parí, wọn yóò fi oògùn kùn mí lóorun, wọn yóò sì fi agbára ká a. Mo wà níbi tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí, nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́. Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Mi ò ní kọ ìró náà síbí.

Obìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tèmi. Ọdún keje rèé tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti na gbọọrọ. Ó ní bí òun bá wọ lọ́rí, gbogbo èrò ló ń bú òun nítorí ẹsẹ̀ tó dí ọ̀nà. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń gbẹ̀bí ní Ute. Orí ìkúnlẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà.


Ọjọ́rú, 30 Méè

Wọ́n ti dá mi sílẹ̀ lọ́sibítù. Màmá, ìyá ọkọ mi, wọlé wá kí mi láàárọ̀. Mo fi ọ̀pá gbé ara mi dìde, mo sì dúró gbagidi níwájú wọn. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ má bínú, kò ká ni." Wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n sì béèrè ohun tí mo jẹ. Nígbà tí wọ́n jáde, mo gbọ́ ohùn wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń sọ fún ọkọ mi pé, "Sylvanus, láti ọdún mẹ́wàá tí o ti gbé e wálé, òní ni ìyàwó yìí kọ́kọ́ kí mi lóòró."

Wọn ò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Bàbá Theresa, ọkọ mi, wọlé tọ̀ mí wá. Ó ní, "Màmá fẹ́ ránṣẹ́ sí Bàbá Fẹ̀sọ̀jayé ní Idogun. Wọ́n ní ó to ẹsẹ̀ awakọ̀ kan tó ti fọ́ sí mẹ́ta."

"Egungun tèmi ti tò, Bàbá Theresa. Kì í ṣe egungun ló kù."

"Kí wá ni ká ṣe?"

Mo sọ fún un pé Sísítà dárúkọ Àbúdùlàhí, ará Ìkàrẹ́ tó jẹ́ dírẹ́sà, ẹni tó ń di egbò, ní ilé oògùn Ute. Èmi àti ẹ̀ ti jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ògiri kan ló wà láàárín wa, mi ò sì mọ̀ pé nígbà ogun Bọ́mà, ọsibítù àwọn sójà ní Íńdíà ló wà, àti pé ìtọ́jú orúnkún àwọn tó fara pa ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́ níbẹ̀. A kàn ń pè é ní Sọ́jà ni.

Bàbá Theresa ní, "Ọkùnrin ni yóò máa di itan rẹ mú?"

Mo ní Àbẹ̀ẹ́bí, olùrànlọ́wọ́ mi, yóò wà níbẹ̀ nígbàkúùgbà. Ó ní ó dáa. Ṣùgbọ́n mi ò tíì ro ti ìyẹn kó tó sọ ọ́. Ó ti kún àwọn ohun tí mo ń bẹ̀rù.


Sátidé, 2 Júùnù. Ute.

Lọ́rí gbé mi dé lọ́sàn-án. Mo jókòó síwájú, ẹsẹ̀ mi na kan gíà, dírẹ́bà sì ń ráhùn títí a fi dé. Theresa, ọmọ mi, sunkún nígbà tí mo ń lọ. Mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá.

Sọ́jà wá ní ìrọ̀lẹ́, òun àti Àbẹ̀ẹ́bí. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò tiẹ̀ fọwọ́ kan orúnkún náà fún bí ìdá mẹ́rin wákàtí; ó kàn ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó fi okùn ìwọ̀n télọ̀ wọn ìdí mi sí gìgísẹ̀. Ínṣì mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ní, "Tó bá di méjìlélógún, Nọ́ọ̀sì, ẹ ti jókòó bí ènìyàn."

Ó fi àtàńpàkò méjèèjì ti ìdérí orúnkún náà sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sísàlẹ̀. Ti ẹsẹ̀ òsì ń yọ̀ bí ẹja. Ti ọ̀tún dúró síbi tó wà.

"Ó ti lẹ̀," ló wí. "Ibí la ti máa bẹ̀rẹ̀. Bí èyí ò bá rìn, ìyókù ò ní rìn."

Mo béèrè bóyá yóò dùn mí. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo ti sọ fún àwọn aboyún láìmọye ìgbà pé kò ní dùn wọ́n. Mo ronú lé ìyẹn lórí nígbà tó lọ tán.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Júùnù

Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Sọ́jà ń ti ìdérí orúnkún. Lọ́sàn-án, iṣẹ́ tèmi: kí n na ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí n fún itan pọ̀ títí orúnkún yóò fi tẹ ẹní, kí n gbé ẹsẹ̀ náà sókè ní nínà, kí n sì gbé e sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kí n wọ́ gìgísẹ̀ bọ̀ sọ́dọ̀ ìdí lórí ẹní tí wọ́n da páúdà sí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá mẹ́wàá. Tí mo bá ṣe é tán, mo ń làágùn bí ẹni tó gún iyán fún ogún àlejò.

Lónìí nígbà tó ká a, mo ké. Àwọn aboyún tó wá fún àyẹ̀wò gbọ́ mi. Ojú tì mí. Lẹ́yìn náà ọ̀kan nínú wọn yọjú, Fàúsátù, aya Ṣéhù tó ń dáko lẹ́bàá ọ̀nà Elegbeka, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, Nọ́ọ̀sì. Ṣé ọmọ ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.


Ọjọ́bọ̀, 7 Júùnù

Òjò láti ìdájí. Iṣu ti wọ́n, èyí tí wọ́n sì ń tà kò dùn. Ínṣì ọgbọ̀n.


Ọjọ́ Ajé, 11 Júùnù

Orúnkún náà wú mọ́jú, ó sì gbóná. Mo fi tẹmómítà sẹ́nu ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó di aago mẹ́jọ. Kò sí ibà. Síbẹ̀, ọkàn mi kò yé sọ fún mi pé ọyún ló wà nínú rẹ̀, pé wọn yóò gé e. Mo ti rí ẹsẹ̀ tí wọ́n gé. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń gbóòórùn orúnkún ara mi bí ajá.

Sọ́jà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ṣe é lánàá?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá."

"Nọ́ọ̀sì."

"Àádọ́ta," mo ní. "Mo sì so àpò iyanrìn mọ́ ọn."

Kò pariwo. Ó gbé oògùn tó ń pò sílẹ̀, ó jókòó. Ó ní, "Aboyún tó bá ń fi agbára tì kí ọ̀nà tó là, kí lẹ máa ń sọ fún un?"

Ó mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

"Ẹ̀rù ló mú yín ṣe é, kì í ṣe ìgboyà," ló wí. "Ọjọ́ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kàkà kí ẹ so iyanrìn, ẹ sùn."


Ọjọ́ Ajé, 18 Júùnù

Ìwé dé láti ọ́fíìsì ìlera. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ọ́físà yóò wá yẹ̀ mí wò. Bí mi ò bá lè ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí "ní gbogbo ọ̀nà tó yẹ", wọn yóò fi ẹlòmíràn sí Ute. Àbẹ̀ẹ́bí ní kí n ka gbólóhùn náà fún òun. Mo kà á. Ó ní, "Gbogbo ọ̀nà wo?" Ìbéèrè tí èmi náà ń bi ara mi nìyẹn.


Sátidé, 30 Júùnù

Màmá dé láìrò tẹ́lẹ̀, Bàbá Fẹ̀sọ̀jayé sì wà lẹ́yìn wọn. Arúgbó gígùn ni, ọwọ́ rẹ̀ tóbi bí abẹ̀bẹ̀. Mo mọ bí àwọn mìíràn nínú àwọn tó ń to egungun ṣe ń ṣe é: wọn a mú ọkùnrin mẹ́rin kí wọ́n dì ọ́ mọ́lẹ̀, ẹni karùn-ún a jókòó lé ẹsẹ̀ náà lórí.

Màmá ní, "Ìyàwó, má bínú. Mi ò lè jókòó lásán kí n máa wò ọ́."

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ẹni rin ìrìn láti Ọ̀wọ̀ tòun ti oníṣègùn, báwo lo ṣe máa sọ pé rárá? Mo dùbúlẹ̀. Àbẹ̀ẹ́bí di ọwọ́ mi mú. Sọ́jà dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò sì lọ.

Bàbá Fẹ̀sọ̀jayé kúnlẹ̀ tì mí, ó di ojú, ó sì fi ìka wá gbogbo orúnkún náà kiri. Ó gbé gìgísẹ̀ mi sí àtẹ́lẹwọ́ kan. Mo ń ka Ẹ Kú Màríà nínú, mo sì gbàgbé ibi tí mo kà á dé.

Ó la ojú. Ó ní, "Ta ló ń ṣe èyí?"

Sọ́jà ní, "Èmi ni, bàbá."

"Ìdérí rẹ̀ ti ń rìn díẹ̀." Ó yíjú sí Màmá. "Ìyá, kò sí egungun tí mo fẹ́ tò níbí. Ẹni tó bá fi agbára ká èyí yóò tún un fọ́. Mo ti ṣe é rí, nígbà tí mo wà léwe. Ọkùnrin náà kò rìn mọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni yìí."

Mo bú sẹ́kún.

Kó tó lọ, bàbá náà béèrè lọ́wọ́ Sọ́jà bóyá ó ń fi iná sí i. Sọ́jà fèsì pé ní Íńdíà, ìda yíyọ́ ni wọ́n ń lò, kò sì sí irú rẹ̀ níbí. Bàbá ní, "Omi gbígbóná ń kọ́? Aṣọ nípọn ń kọ́? Awọ tó gbẹ, ta ní ń ká a láì kọ́kọ́ rẹ ẹ́?" Àwọn méjèèjì dúró lábẹ́ igi òsàn, wọ́n ń fi ọwọ́ júwe orúnkún fún ara wọn títí lọ́rí Màmá fi dé.


Ọjọ́rú, 4 Júláì

Aṣọ gbígbóná kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó yàtọ̀ gidi. Ínṣì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ààbọ̀.


Sọ́ńdè, 8 Júláì

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo lọ sí Máàsì. Nígbà ìyàsímímọ́, gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, èmi nìkan ló dúró bí òpó. Ọmọdé kan yíjú padà ń wò mí títí ìyá rẹ̀ fi gbá a létí.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Júláì

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Kò sún.


Sátidé, 21 Júláì

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Sọ́jà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ká okùn ìwọ̀n rẹ̀, kò sì sọ iye rẹ̀ sókè. Mo rí ojú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ sọ òótọ́ fún mi."

Ó ní ọmọ ogun kan wà lábẹ́ ìtọ́jú òun, ará Gold Coast, ọmọkùnrin aláwàdà. Òun ṣe é fún oṣù márùn-ún. Ó dúró síbi kan bí èyí ṣe dúró, kò sì kúrò níbẹ̀ títí tí ọkọ̀ ojú omi fi gbé e lọ sílé.

"Kí ló fà á?"

"Mi ò mọ̀ títí dòní," ló wí. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Nọ́ọ̀sì."

Mo ti fẹ́ kó sọ òótọ́. Ó ti sọ ọ́ báyìí, mi ò sì mọ ibi tí n ó gbé e sí. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé bí ẹ̀rù bá ń ba èmi, ẹnì kan wà tí ẹ̀rù kò bà.


Ọjọ́rú, 25 Júláì

Mo fẹ́ kọ ti àná bó ṣe rí, kí n tó gbàgbé bó ṣe tẹ̀ léra.

Àbẹ̀ẹ́bí ti lọ sí Ọ̀wọ̀ láti gba oògùn. Bí aago méje àárọ̀ ni Ṣéhù sáré wọlé, ẹrẹ̀ dé itan rẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, omi ti dà, ẹsẹ̀ ọmọ ló yọ." Fàúsátù. Ọmọ kẹta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ti fọwọ́ wá a, mo sì ní orí wà nísàlẹ̀. Ó ti yí lẹ́yìn ìgbà náà.

Ká gbé e wá kò ṣeé ṣe mọ́. Mo mú báàgì mi. Sọ́jà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ ò gbọdọ̀ lọ." Mo ní, "Ta ni yóò lọ?" Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo Ṣéhù, ó sì lọ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Mo jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún na sójú afẹ́fẹ́. Kẹ̀kẹ́! Ohun tó sọ mí di báyìí. Gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà náà ni mo ń rí kó tó dé. Mo di bẹ́líìtì Sọ́jà mú títí ọwọ́ mi fi kú. Nígbà tí ọ̀nà di ti ẹlẹ́sẹ̀, a rìn. Odò ti kún. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n gbé dábùú rẹ̀, òjò sì ti jẹ́ kó máa yọ̀.

Mo dúró. Ẹsẹ̀ kan tó ká àti ọ̀kan tí kò ká kò lè rìn lórí igi tó ń yọ̀. Sọ́jà fẹ́ gbé mi, ṣùgbọ́n igi náà kò ní gba ènìyàn méjì. Mo gbọ́ igbe Fàúsátù láti òdìkejì. Mo jókòó lórí igi náà, èmi ìyálọ́mọ, tòun ti yúnífọ́ọ̀mù funfun, mo na ẹsẹ̀ síwájú bí àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, mo sì fi ìdí wọ́ kọjá. Ṣéhù yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó má bàa rí mi.

Inú ahéré ṣókùnkùn. Fàúsátù wà lórí ẹní nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì ti jáde dé orúnkún, ó ń mira díẹ̀. Ó wà láàyè. Mo wo ilẹ̀, mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo gbìyànjú láti kúnlẹ̀. Ó kọ̀. Mo tún gbìyànjú, ìrora náà sì gba ojú mi débi pé n kò ríran. Mo rò ó pé: ọmọ yìí yóò kú lójú mi nítorí pé mi ò lè dé ilẹ̀.

Ìyá Ṣéhù ní, "Nọ́ọ̀sì, kí la ṣe?"

Ohùn tó jáde lẹ́nu mi yà mí lẹ́nu. Mo ní, "Bí mi ò bá lè sọ̀kalẹ̀ wá bá a, ẹ gbé e gòkè wá bá mi. Ẹ yọ ilẹ̀kùn."

Wọ́n yọ ilẹ̀kùn, wọ́n gbé e lé orí odó méjì tí wọ́n dojú wọn délẹ̀. Wọ́n gbé Fàúsátù lé e, ìdí rẹ̀ wà ní etí gan-an, obìnrin méjì sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa, tí mi ò ṣe rí nítorí pé orí ẹní ni gbogbo wọn máa ń bímọ sí: ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ wá, etí bẹ́ẹ̀dì ló yẹ kó ti wá, kí ìwúwo ara rẹ̀ lè fà á.

Mo dúró. Mo fi aṣọ wé ìbàdí ọmọ náà, mi ò sì fà á. Ìdodo jáde. Apá kan, apá kejì. Lẹ́yìn náà mo jẹ́ kó so rọ̀ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tó le jù lágbàáyé nìyẹn, kí ènìyàn dúró kí ó má ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo fún itan bí mo ṣe ń fún un lórí ẹní lójoojúmọ́, ó sì gbé mi ró. Nígbà tí mo rí irun ìpàkọ́, mo di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo gbé e lọ sókè jẹ́jẹ́, ẹnu jáde, imú jáde, orí jáde.

Kò ké. Ó dúdú bí aró. Mo nu ẹnu rẹ̀, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, mo pa ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá Ṣéhù ti ń sọ pé, "Olúwa, Olúwa." Mo tún fẹ́ ẹ. Ó sín. Lẹ́yìn náà ló wá pariwo.

Ọkùnrin. Ìgè ni wọ́n ń pè é kí n tó gé ìwọ́ rẹ̀ tán.

Nígbà tí mo jáde síta, mi ò lè tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Sọ́jà àti Ṣéhù gbé mi lórí àga dé etí odò, mo sì tún fi ìdí wọ́ kọjá igi náà. Orúnkún náà ti tóbi bí akèrègbè. Mo ti bà á jẹ́. Mo mọ̀ pé mo ti bà á jẹ́.


Ọjọ́ Ẹtì, 27 Júláì

Kò tíì rọ̀. Mi ò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí.


Ọjọ́ Ajé, 30 Júláì

Wọ́n ya fọ́tò egungun náà ní Ọ̀wọ̀. Mo jókòó ní kọ́rídọ̀ fún wákàtí méjì, Bàbá Theresa ń ka ìwé ìròyìn tí kò ṣí ojú ewé rẹ̀. Sísítà gbé fọ́tò náà sójú fèrèsé. Egungun pé. Ó ní kò sí ohun tó já, kò sí ohun tó fọ́, ó kàn bínú ni. Bàbá Theresa ká ìwé ìròyìn náà, ó sì fi nu ojú.


Ọjọ́bọ̀, 2 Ọ́gọ́ọ̀sì. Ute.

Sọ́jà wọ̀n ọ́n. Mo ti múra sílẹ̀ fún ọgbọ̀n. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ó tún un wọ̀n. Ó jókòó. "Ẹ ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe," ló wí, ó sì gbé ọwọ́ kan lé itan mi lókè kó tó ká a. "Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ wò ó. Kí n tó kàn yín lẹ́sẹ̀ rárá, itan yín ti le bí òkúta. Láti oṣù tó kọjá, bí mo ṣe ń ká a ni ẹ̀yin ń nà á. Àwa méjèèjì la ń bá ara wa jà. Mo ń wá a nínú orúnkún, kò sí níbẹ̀."

"Ní oko Ṣéhù ńkọ́?"

"Ẹ ò ráyè bẹ̀rù níbẹ̀."

Ìyẹn kì í ṣe òótọ́. Mi ò bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọmọ náà ni, kì í ṣe ti ẹsẹ̀.

Ìlànà tuntun: kó tó ká a, kí n fi ipá tì í padà sọ́wọ́ rẹ̀, kí a kà dé mẹ́fà, kí n wá jọ̀wọ́ rẹ̀ pátá. Nígbà tó bá rọ̀ ni yóò ká a. Ó máa ń béèrè nípa Theresa nígbà tó bá ń ṣe é, kí ọkàn mi lè kúrò níbẹ̀. Mo mọ ọgbọ́n náà, èmi náà ń lò ó fún àwọn aboyún. Síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́.


Ọjọ́ Ajé, 13 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òjò ti dáwọ́ dúró díẹ̀. Mẹ́rìnlélógún.


Ọjọ́rú, 22 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mẹ́tàlélógún. Mo gun àtẹ̀gùn ilé oògùn láì fi ọ̀pá. Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀, mo dúró lókè fún ìgbà pípẹ́. Sísọ̀kalẹ̀ ló burú.


Ọjọ́ Ẹtì, 31 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ọ́físà náà dé ní aago mẹ́wàá. Kò yìn mí, kò bú mi. Ó ní kí n jókòó lórí àga, kí n fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ó dé igun àpótí, ó sì kọjá rẹ̀ díẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Kúnlẹ̀."

Mo di etí tábìlì mú. Mo fi òsì lọ sílẹ̀ kọ́kọ́. Ọ̀tún tẹ̀ lé e, ínṣì kan, ínṣì kan, ó sì kan ilẹ̀. Ilẹ̀ náà tutù. Mi ò lè fi ìdí jókòó lé gìgísẹ̀ mi, ṣùgbọ́n mo wà lórí orúnkún méjèèjì.

"Dìde. Má fi ọwọ́ kan nǹkan kan."

Sọ́jà wà lẹ́yìn fèrèsé, mo rí òjìji rẹ̀. Mo gbé òsì, mo fún itan ọ̀tún, mo dé ìdajì, mo sì dúró síbẹ̀. Kò lọ sókè, kò bọ̀ sílẹ̀. Mo rí i pé ọ́físà ti gbé kálámù. Mo kó gbogbo ara mi lé itan náà. Mo dìde. Òógùn ń kán láti àgbọ̀n mi sára yúnífọ́ọ̀mù.

Ó béèrè pé, "Bí wọ́n bá ń bímọ nílẹ̀, tí o kò sì tètè lè kúnlẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Mo máa ní kí wọ́n gbé e gòkè, sà. Mo ti ṣe é." Mo sì sọ fún un.

Ó kọ nǹkan pẹ́. Ó bọ́ sínú mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Kò sọ ohun tó kọ.


Ọjọ́bọ̀, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ìwé dé. Mo gbé e fún Àbẹ̀ẹ́bí kó ṣí i, kó kà á, a sì rántí pé kò mọ̀wé kà. Èmi ni mo kà á. Kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà ní ọjọ́ Ajé. Mi ò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ títí di ọdún tuntun, wọn yóò sì tún yẹ̀ mí wò ní Jánúárì. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé kí wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì gíga kan ránṣẹ́ sí Ute.

Mo mú ìwé náà lọ fún Sọ́jà. Ó kà á, ó ní, "Ẹ má jáwọ́ o. Ẹ ò tíì lè jókòó lé gìgísẹ̀." Ó yíjú padà sí ọmọ tó ń di egbò fún.


Sátidé, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà. Ọ̀wọ̀.

Mo wá mú Theresa. Mo kúnlẹ̀ kí Màmá nínú yàrá wọn, orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Mo rò pé wọn yóò súre fún mi. Wọ́n ní kí n tètè dìde. Wọ́n lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíká, wọ́n sì padà wá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "tèmi ti di ọdún mẹ́ta."

Kò kọ́kọ́ yé mi. Wọ́n ká ìró sókè. Orúnkún méjèèjì wú, wọ́n yí síta bí ìdí ìkòkò. Obìnrin yìí ti ń gun òkè ọjà lójoojúmọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ta ni n ó sọ ọ́ fún? Bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò ní kí n jókòó sílé. Ẹni tó bá jókòó sílé, ikú mọ ibi tó wà." Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú. Àtẹ́lẹwọ́ wọn tutù. "Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé yóò dùn mí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa ṣe é."

Wọ́n ní ó dáa. "Má sọ fún Sylvanus o."

Mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹ́ ẹní, mo sì gbé omi kaná.